Àdúrà tí Bàbá Káfíńtà Kò Rí Ṣe

Ọkùnrin kan ń bẹ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ káfíńtà. Àrùn jẹjẹrẹ mú bàbá náà ní ọ̀nà ọ̀fun. Ọkùnrin yìí ni àkọ́bí, ó sì fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bá a jiyàn lórí ìyẹn. Òun ló ń gbé e lọ sí ọsibítù, òun ló ń ra oògùn, òun ló ń po ògì tí bàbá lè gbé mì. Ìfẹ́ náà gan-an ló mú un ṣe ohun tó ṣe.

Nígbà tí dókítà ní kí bàbá jókòó kí àwọn jọ sọ̀rọ̀, ọmọ yára dìde. "Dókítà, èmi ni kí ẹ bá sọ ọ́. Àgbàlagbà ni bàbá mi. Irú ọ̀rọ̀ yìí kọ́ la ń sọ sí àgbà létí." Ó mú dókítà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé iṣẹ́ abẹ ló kù, àti pé ibi tí ohùn ti ń jáde ni wọ́n máa gé kúrò. Bàbá lè yè é, ṣùgbọ́n kò ní lè fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé.

"Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kí ó tó gbà," ni dókítà wí.

"Màá sọ fún wọn, sà."

Kò sọ ọ́. Ó padà wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Bàbá, kókó kékeré kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n á yọ ọ́, ó parí."

Ohùn bàbá ti há, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀. "Kókó kékeré ló sọ mí di ọ̀pọ̀lọ́ tó jẹ ata báyìí?"

"Kékeré ni, bàbá."

"Ó dáa. Pe Àwẹ̀ró àbúrò rẹ fún mi kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Ìgbéyàwó rẹ̀ ń bọ̀. Mo fẹ́ kí ó kúnlẹ̀ kí n ṣe àdúrà fún un."

Ìwọ náà mọ bí a ti ń ṣe é. Bàbá ló ń gbé ọwọ́ lé ọmọbìnrin rẹ̀ lórí, tí á fi ẹnu ara rẹ̀ wúre fún un kí ó tó lọ ilé ọkọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró lóbìnrin ti gba tiwọn. Òun nìkan ló kù.

Lójú àkọ́bí, bí bàbá bá ṣe àdúrà yẹn lórí ibùsùn ọsibítù, á dà bí ẹni tó ń dágbére fáyé. "Háà, bàbá! Ẹ má fẹnu yín pe ibi. Ọjọ́ ìgbéyàwó lẹ máa ṣe é, nínú agbádá. Kí ni ìkánjú?"

"Mo ní kí o pè é."

"Bàbá, ẹ sinmi. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ da ara yín láàmú."

Ó rẹ bàbá. Ó kọjú sí ògiri. Dókítà bèèrè lọ́wọ́ ọmọ bóyá bàbá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ọmọ ní ó ti gbọ́. Bàbá, tí kò mọ̀wé, tẹ̀ka sí ìwé àṣẹ iṣẹ́ abẹ.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Nígbà tí bàbá lajú, ó fẹ́ bèèrè ibi tó wà, kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Èémí lásán ló ń gba ihò tí wọ́n dá sí i lọ́rùn jáde. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ ń wo ilẹ̀.

Àwẹ̀ró dé, ó kúnlẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ètè rẹ̀ sì ń mì, ó ń mì ṣáá. Kò sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan.

"Bùọ̀dá mi, ẹ ti mọ̀ pé báyìí ló máa rí?"

"Mi ò fẹ́ kí ọkàn wọn bàjẹ́ ni."

"Kí lẹ wá ṣe sí ọkàn wọn yìí?"

"Wọn ì bá má gbà. Wọn ì bá kú!"

"Ṣé ẹ bi wọ́n léèrè?"

Bàbá gbé ọwọ́ kúrò lórí ọmọbìnrin rẹ̀, ó nà án sí ilẹ̀kùn. Ó ń sọ fún àkọ́bí pé kó jáde.

Ìwọ tí o ń tọ́jú òbí rẹ tó ní àrùn yìí, ìwọ ni mo ń bá wí. Ó ti sú mi, bí a ti ń pe ìbẹ̀rù tiwa ní ọ̀wọ̀ fún àgbà. Ọ̀fun ló ń dun bàbá yẹn. Ta ló sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́? Jókòó ti òbí rẹ. Bi í ní ohun tó ti mọ̀ nípa àìsàn rẹ̀, kí o sì bi í ní ohun tó tún fẹ́ mọ̀. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ gbọ́, dákẹ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bí ó bá ní òun fẹ́ gbọ́, sọ òótọ́ fún un ní pẹ̀lẹ́, kí o sì dúró gbọ́ èyí tó máa sọ tẹ̀ lé e. Bí ó bá sunkún, jẹ́ kó sun ún. Má sáré ní "kò sí nǹkan kan", nítorí nǹkan wà. Bí dókítà bá sì tún pè ọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sọ fún un pé kí ó wọlé wá: ẹni tó ni ara wà níbí.