Ọlọ́ṣẹ Tó Bi Igba Ènìyàn

Ọkùnrin kan wà, ọlọ́ṣẹ ni, tó fẹ́ ta oko kòkó tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, kí ó lè fi kọ́ ilé-iṣẹ́ fún ọṣẹ ìfọṣọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Kí ó tó ta á, ó ní òun yóò kọ́kọ́ bi àwọn ará ìlú bóyá ọṣẹ náà dára. Títí dé ibẹ̀, ọgbọ́n ni.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tíṣà ni, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó ṣẹ́ kèké mú ogójì agboolé káàkiri ìlú, kí ó pe ẹnì kan tó ń fọṣọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó bi onítọ̀hún lóun nìkan. Ọlọ́ṣẹ ní ìyẹn yóò gba odidi oṣù kan. Agboolé márùn-ún ni òun yóò lọ, òun yóò kó ogójì ènìyàn jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ méjì, ó parí.

“Tíṣà, igba ju ogójì lọ. Àbí wọ́n ti yí i padà níléèwé yín?”

Ó pín ọṣẹ fún wọn, ó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà wá. Ní agboolé kìn-ín-ní, baálé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bó ti yẹ. Bàbá yìí kò fọ fìlà ara rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti gbéyàwó, ṣùgbọ́n ó gbé ọṣẹ símú, ó ní òórùn rẹ̀ dára, ó ní ọmọ àwọn ni ọlọ́ṣẹ, àwọn yóò máa rà á. Àwọn ìyàwó ilé kúnlẹ̀, wọ́n ní bí Bàbá ti wí náà ni. Ọlọ́ṣẹ kọ ogójì sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní mẹ́rin tó kù.

Ìyàwó rẹ̀ sọ fún un nílé pé ọṣẹ yìí ń bó òun lọ́wọ́. Ọlọ́ṣẹ ní ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn, kò sì sí nínú igba. Ó ta oko.

Páálí ọṣẹ àkọ́kọ́ tà. Èkejì kò tà. Ìyókù di oúnjẹ eku, àwọn nìkan ni kò sì ráhùn. Lọ́jọ́ kan ó bá ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wọ̀nyẹn nídìí kànga, tó ń fi ọṣẹ ẹlòmíràn fọṣọ. Ó bi í léèrè. Obìnrin náà yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síta, àpá ṣì wà níbẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ní ó dára kí ọ̀rọ̀ tó kàn mí. Ṣé kí n wá sọ pé bàbá ọkọ mi ń purọ́ ni, níwájú àlejò?”

Ẹni tó ra oko náà ló gba ọlọ́ṣẹ síṣẹ́. Ó ń ro koríko nídìí kòkó tí baba rẹ̀ gbìn, wọ́n sì ń pè é ní lébìrà.

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, mo gbọ́ pé o fẹ́ ta ilé rẹ kí o lè dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀, nítorí pé ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn nínú ìjọ yín ní búrẹ́dì rẹ dùn. Ta ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò? Pásítọ̀ ni. Kí wá ni o fẹ́ kí àwọn tó kù wí? Ẹnì kan ni o bi, ọ̀rẹ́ mi. Lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tí kò mọ̀ ọ́, láti òpópónà dé òpópónà, kí o bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè ní kò dùn, ojú á sì tì ọ́. Ó sàn kí ojú tì ọ́ nígbà tí o ṣì ní ilé tí o lè lọ fara pamọ́ sí.