Ọwọ́ Méjèèjì Ni Mo Fi Gbà Á

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan, àgbẹ̀ oníkòkó ni. Láti orí bàbá ńlá rẹ̀ wá, kò sí ẹnì kan nínú ìdílé rẹ̀ tó kọjá ìwé mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí Mọ́rádéyọ̀, ọmọbìnrin rẹ̀, mú ìwé dé láti ìlú pé yunifásítì ti mú òun, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ ba bàbá, kí ayọ̀ tó dé. Má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ohun ńlá kò wọ ilé rẹ̀ rí, lọ́jọ́ tó bá wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ olè ni yóò máa gbọ́ kiri.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ká a, ó tì í bọ abẹ́ agbádá ìgbéyàwó rẹ̀ nínú àpótí. Ó ní ará ilé kankan kò gbọdọ̀ mẹ́nu bà á títí ọmọ yóò fi wọ ilé ẹ̀kọ́. Ṣebí wọ́n ní ayé ò fẹ́ni fọ́rọ̀.

Ẹni tí bàbá ń bẹ̀rù jù ni Ìyá Tíṣà, opó àgbàlagbà tó ń gbé ilé kejì, tí ọmọ rẹ̀ kan ti ka yunifásítì jáde. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá yìí wo Mọ́rádéyọ̀, ó ní ọmọ yìí á jìnnà o. Kò tó ọjọ́ méjì, ibà dá ọmọ dùbúlẹ̀. Bàbá kò gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá náà wá béèrè bóyá ìwé ọmọ ti dé, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni bàbá dáhùn pé àwọn ṣì ń wo ojú Ọlọ́run.

Mọ́rádéyọ̀ sọ fún bàbá pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kí àwọn gba ààyè náà kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó kọjá.

"Ṣé a ò tíì gbà á ni?" ni bàbá wí. "Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á."

Kò yé ọmọ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò bi? Bàbá mọ ìgbà tí igi kòkó kékeré gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọ̀rá bọ́ sí ilẹ̀, nítorí bàbá tirẹ̀ ló fi hàn án. Ẹni tí yóò fi àsìkò ìwé hàn án kò sí nínú ìdílé. Èyí tó sì wà ládùúgbò, bàbá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Tíṣà tún dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá náà kò jókòó.

"Mi ò bi yín bóyá ó wọlé," ó ní. "Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé rédíò ní òní ni gbígba ààyè yunifásítì parí. Ọmọ tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ padà sórí kọ̀ǹpútà kó dáhùn pé òun gbà. Tí kò bá dáhùn, wọ́n á gbé ààyè rẹ̀ fún ẹlòmíì."

Ó yí padà, ó ń lọ. Bàbá ń wò ó lẹ́yìn. Tó bá sọ̀rọ̀, ó ti fi ọmọ lé ayé lọ́wọ́. Tó bá dákẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, ààyè ọmọ ti lọ. Ìyá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé rẹ̀ tán kí bàbá tó sáré tẹ̀ lé e.

"Ìyá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ó wọlé."

Àwọn méjèèjì àti Mọ́rádéyọ̀ jọ sáré lọ sí ìlú, sọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bàbá dúró níta, òógùn bò ó, kò lè wo inú ṣọ́ọ̀bù. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n tilẹ̀kùn ni Mọ́rádéyọ̀ jáde pẹ̀lú ìwé mìíràn, tí wọ́n kọ sí i pé ó ti gbà.

Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó béèrè bí ìyá ṣe mọ gbogbo èyí.

"Ẹ rò pé ọmọ mi tó jáde yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ mú nílé mi?" ni Ìyá Tíṣà wí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Inú àpótí ni mo fi ìwé tirẹ̀ pamọ́ sí títí ọjọ́ fi kọjá. Ẹ̀yin ni mo ń sá fún nígbà náà."

Ọ̀rẹ́ mi, abéèrè kì í ṣìnà. Ìwọ tí o ti jókòó tì mí láti àárọ̀, tí o ní kí n gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ kan tí o kò lè fẹnu sọ, mo rí etí ìwé tó yọ lápò rẹ. Mi ò ní bi ọ́ ta lò ń sá fún. Ó lè jẹ́ pé ìwọ ni òun náà ń sá fún. A ó gbàdúrà o, àdúrà kò sá lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó kúnlẹ̀, yọ ọ́ jáde, kí o ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀ sí mi létí.