Bọ́tìnnì Inú Apẹ̀rẹ̀ Tísà

Ní abúlé Ìdí-Ìṣin, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ṣì jẹ́ nǹkan tuntun, ọkùnrin kan wà tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ògbufọ̀ ni ní kóòtù. Bí adájọ́ òyìnbó bá sọ̀rọ̀ kan, yóò sọ ọ́ di Yorùbá tó dùn débi pé ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi pàápàá á máa mi orí. Baba Ògbufọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òun àti ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Akínpẹ̀lú lorúkọ rẹ̀. Akólòlò ni ọmọ náà.

Ẹ má jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín: ìtàn yìí kò dùn. Òwe tó ti inú rẹ̀ jáde ló dùn, àwọn èèyàn a sì máa há a fún ara wọn bí ẹni ń há ṣúgà fọ́mọdé. Èmi kò lè pa á tọ̀yàyàtọ̀yàyà mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń há Akínpẹ̀lú lẹ́nu bákan náà. Bó bá fara balẹ̀, ó lè ní kí wọ́n fún òun lómi, ó sì lè kí èèyàn kú àárọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ pe "baba," ètè rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ á yọ, ojú á pọ́n, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní jáde. Baba Ògbufọ̀ ka èyí sí àfojúdi. Ó ní, "Ó lè pe omi, ó lè pe ewúrẹ́. Èmi tí mo bí i ni kò lè pè."

Lọ́jọ́ kan tí Akínpẹ̀lú di géńdé, àwọn akọ̀wé kóòtù wá kí baba rẹ̀. Baba ní kí ọmọ wá kí òun lójú wọn. Ọmọ dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ… ẹ káàsán, b… b… b…" títí àwọn àlejò fi ń wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Kí àwọn àlejò tó dé ilé wọn, Baba Ògbufọ̀ ti ju ẹrù ọmọ síta.

Ó ní, "Jáde nílé mi. Ọjọ́ tí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí, tí o fi ẹnu ara rẹ pè mí ní baba, ọjọ́ náà ni màá dá ọ lóhùn. Títí dìgbà yẹn, èmi kò lọ́mọ." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àgbà tó mọ òwe yìí ní èdè méjì kò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó fi ìbínú fa ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, bọ́tìnnì idẹ kan sì já lára rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ọmọ ṣà á, ó sì lọ.

Ọdún mẹ́jọ kọjá. Akínpẹ̀lú kẹ́kọ̀ọ́, ó di tísà, àwọn aláṣẹ sì gbé e wá sí Ìdí-Ìṣin gan-an, sí ilé ẹ̀kọ́ tó dojú kọ ilé baba rẹ̀. Ẹ̀yìn kíláàsì ló ń sùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ tó dé, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà baba rẹ̀, ó sì kọrin, nítorí orin kì í há akólòlò lẹ́nu: "Baba mi o, mo dé o." Orin náà já gaara. Baba Ògbufọ̀ dáhùn láti inú yàrá pé, "Ìyá Akin, sọ fún olórin yẹn pé baba kì í ṣe egbè." Ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ lè bi mí pé báwo ni akólòlò ṣe ń ṣe tísà. Ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè gbé, ọwọ́ ló gbé e fún. Ó ṣa kóró ìṣin, dúdú tó ń dán, ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nínú ààbọ̀ igbá. Ọmọ tó bá ń yọ márùn-ún kúrò nínú mẹ́tàlá á fọwọ́ ara rẹ̀ kó o kúrò. Ó fi amọ̀ mọ gbogbo abúlé náà sílẹ̀ kíláàsì, òkè àti àfonífojì, ó ní kí wọ́n da omi sí i kí wọ́n lè fojú rí ibi tí odò ń gbà. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ló ń ya àwòrán sí. Fún ìwé kíkà, ó ta kókó sára okùn gígùn kan: bí ọmọ bá ti ń fọwọ́ kan kókó kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dá ọ̀rọ̀ sọ ní ìdá kọ̀ọ̀kan, kókó kan fún "à," òmíràn fún "ga." Ọmọ tó ti lo ọdún méjì níbòmíràn láìmọ ohunkóhun á máa kàwé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Àwọn tísà abúlé mìíràn fẹsẹ̀ rìn wá wò ó, wọ́n sì lọ ta kókó sókùn tiwọn.

Ọ̀nà tó ń gbà pe orúkọ láràárọ̀ ni kí ẹ fọkàn sí. Kò lè pe orúkọ ogún ọmọ kí oòrùn tó wọ̀, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Nítorí náà, ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú nǹkan kan wá láti ilé. Ọ̀kan mú eyín ewúrẹ́ wá, ọ̀kan mú ìdérí ìgò. Ìbídùn, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, mú ìkarahun ìgbín wá. Inú apẹ̀rẹ̀ kan ni gbogbo rẹ̀ ń gbé. Tísà á gbé ọ̀kan sókè, ẹni tó ni ín á dìde, á ní, "Mo wà níbí, sà!" Bí olúwa rẹ̀ kò bá wá, gbogbo kíláàsì á jọ dáhùn pé, "Kò sí níbí, sà!" Wọn kì í jẹ́ kó gbé nǹkan dání lásán láìsí ìdáhùn.

Ní òdìkejì ọ̀nà, Baba Ògbufọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì á máa ṣẹ̀sín lórí àga rẹ̀ pé, "Ilé ẹ̀kọ́ odi! Tísà wo ló ń fi ìkarahun ìgbín pe ọmọ ọlọ́mọ?" Ṣùgbọ́n Ìyá Akin sọ lẹ́yìn náà pé láràárọ̀ ni ọkọ òun ń yí àga rẹ̀ kọjú sí ilé ẹ̀kọ́, kì í sì í yí i padà àfi tí wọ́n bá pe orúkọ tán.

Ìbídùn ló rí bọ́tìnnì náà. Ó gbàgbé síléètì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó padà wá mú un, ó sì bá Tísà nìkan nínú kíláàsì. Tísà gbé bọ́tìnnì idẹ kan sókè láti inú apẹ̀rẹ̀, ó ń ṣe "b… b… b…" sí àwọn bẹ́ǹṣì òfìfo, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta ló ni ìyẹn, Tísà?"

Tísà nawọ́ sí òdìkejì ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, tí Ìbídùn ti ròyìn ohun tó rí, àwọn ọmọ di tísà, Tísà di ọmọ ilé ìwé. Wọ́n mú okùn oníkókó, wọ́n gbé ìka rẹ̀ lé kókó kìíní, wọ́n ní, "Ba." Wọ́n gbé e lé èkejì, wọ́n ní, "Ba." Bí gbogbo wọn bá jọ pè é, ohùn Tísà á bá tiwọn lọ geere. Bí wọ́n bá dákẹ́ tó ku òun nìkan, ètè á tún lẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Ìbídùn wá ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ pè é."

Gbogbo wọn to sẹ́nu ọ̀nà Baba Ògbufọ̀ lọ́sàn-án gangan, ogún ọmọ àti Tísà láàárín, wọ́n sì kígbe pé, "Baba!" Ohùn Tísà wà nínú rẹ̀, ó dún, kò há. Baba Ògbufọ̀ ka orí wọn. Ó ní, "Èèyàn mọ́kànlélógún ló pè mí. Èwo ni tèmi níbẹ̀?" Ó wọlé. Mo ti bínú sí baba yìí tó nínú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ibí ni inú ti bí mi jù. Ọmọ wá ọ̀nà kan mú wá, baba tún fẹsẹ̀ tì í dànù.

Nígbà tí òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀, àìsàn gbé Baba Ògbufọ̀ dè. Àga òdìkejì ọ̀nà ṣófo. Ní òwúrọ̀ kan, bí Tísà ti ń gbé nǹkan àwọn ọmọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìyá Akin já wọ kíláàsì láìwọ bàtà.

"Akin, ọmọ mi, dìde. Baba rẹ ní kí n pè ọ́ wá. Ó ní kó o wá pe òun kí òun lè lọ."

Tísà bọ́ síta tòun ti apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ìbídùn já okùn lára ògiri, ó sáré tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Tísà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ibi tí baba rẹ̀ ti ní kó dúró láti ọjọ́ tó ti lé e jáde.

Ohùn baba kò ju ohùn ẹ̀fọn lọ mọ́. "Kó wọlé. Ta ló sọ pé kó má wọlé?"

Tísà wọlé, ó kúnlẹ̀ ti ẹní, ó mú bọ́tìnnì idẹ jáde, ó gbé e sókè bó ti ń ṣe ní kíláàsì. Baba rí bọ́tìnnì náà, ó mọ̀ ọ́n.

"Akin, mo ń gbọ́. Pè mí."

"B… b… b…"

"Fara balẹ̀. Mo ṣì wà."

Ìbídùn na okùn, ó gbé ìka Tísà lé kókó kìíní. Ìka dúró síbẹ̀, kò kúrò. Iṣan ọrùn Tísà yọ, òógùn bò ó, ètè rẹ̀ di mọ́ra bí ẹni tí wọ́n fi oje lẹ̀ lẹ́nu.

"Fi kọrin," ni baba wí. "Kò burú. Fi kọrin, màá jẹ́ ẹ."

Ṣùgbọ́n èémí ni wọ́n fi ń kọrin, ẹkún sì ti gba èémí Tísà. Ó la ẹnu, orin kò sí níbẹ̀. Ìbídùn ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ pè é, Tísà. Ba…" Ó dúró dè é. Tísà kò lè bá a pè é. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Baba yí ojú sí fèrèsé, síhà ilé ẹ̀kọ́. Ó tún ní, "Mo ń gbọ́." Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Ìyá Akin gbé ọwọ́ lé àyà ọkọ rẹ̀, ó gbé e síbẹ̀ pẹ́, lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ kan náà pa ojú rẹ̀ dé.

"Baba," ni Tísà wí.

Ó jáde ní odindi. Kò há, kò já. "Baba," ó tún wí, bí ẹni tí ẹnu ń yà. Ó wá ń pè é kíkankíkan, "Baba! Baba! Baba!" ó sì gbé bọ́tìnnì idẹ sókè, ó ń wo ẹni tó wà lórí ẹní, ó ń retí kó dìde kó jẹ́ ẹ.

Ogunlọ́gọ̀ aládùúgbò ló ti pé jọ síta. Wọ́n gbọ́ ohùn náà, wọ́n sì mọ ohùn ẹni tó ni ín. Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n ń ṣàtẹ́wọ́, wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Ìyá arúgbó kan tó mọ Akínpẹ̀lú láti kékeré na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì sọ gbólóhùn tí gbogbo wa ń sọ títí dòní. Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni igbe Ìyá Akin jáde láti inú yàrá. Arúgbó náà bo ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde, etí ti gbà á, kò ṣeé kó padà.

Nínú yàrá, Tísà ṣì na apá sókè tòun ti bọ́tìnnì. Ìbídùn wo apá náà. Ó wo orí ẹní. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kò sí níbí, sà."

Lẹ́yìn ìsìnkú, Tísà padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ṣì ń há a lẹ́nu bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n "baba" kò há a mọ́ títí ó fi kú. Ó lè pè é nígbàkígbà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò pè bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìbídùn náà di tísà, òun ló jogún apẹ̀rẹ̀. Bí ìyá kan bá mú ọmọ rẹ̀ wá, tó ń sunkún pé kò tètè mọ̀wé, Ìbídùn á sọ gbólóhùn arúgbó yẹn fún un, obìnrin náà á sì nu ojú rẹ̀ lọ sílé. Kì í sọ ìyókù fún wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá rèé, tí àwọn àgbà ń fi tu ọlọ́kàn gbígbọgbẹ́ nínú títí dòní pé: bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.