Orin tí Àdàbà fi pe ọkọ rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Àlọ́ o. Ẹnu yín ò yá. Àlọ́ o.

Àlọ́ mi dá lórí Àdàbà, ìyàwó tuntun, àti Àjàmú ọkọ rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ.

Lọ́jọ́ kan, iná ń jó igbó. Èéfín bo Àjàmú lójú, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Àdàbà bá ń kọrin pè é láti orí igi. Ẹ bá mi gbè é:

Àyànfẹ́ mi, máa bọ̀ o.
*Máa bọ̀.*
Ilé ò gbóná láìsí ọ.
*Máa bọ̀.*

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ ọ́. Ariwo àwọn ẹranko pọ̀, Àjàmú kò dá ohùn rẹ̀ mọ̀.

Ó bi Odídẹrẹ́ tó ń fò kọjá pé, "Ta ni obìnrin yẹn ń pè?"

Odídẹrẹ́ ní, "Kò dárúkọ."

Àjàmú bà sílẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n pe tòun. Ibẹ̀ ni iná bá a.

Odídẹrẹ́ kì í gbàgbé ohun tó bá gbọ́. Ó gbé orin náà kiri. Nítorí pé kò sí orúkọ nínú rẹ̀, oníkálukú ń fi ti olólùfẹ́ rẹ̀ sí i. Kò sí ìyàwó tí wọn ò fi sìn lọ sílé ọkọ.

Àdàbà nìkan ni kì í kọ ọ́. Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ tẹ́tí sí orí igi yẹn. Àjàmú. Àjàmú.

Ẹ má gbè é. Èyí kì í ṣe orin.