Onígìtá Méjì Nínú Ẹgbẹ́ Kan

Ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ní ẹgbẹ́ olórin jáàsì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, wọ́n máa ń ṣeré ní àgbàlá hòtẹ́ẹ̀lì kan níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jẹun lábẹ́ igi. Onígìtá kan ṣoṣo ló ní, Fákúnlé lorúkọ rẹ̀, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Fákúnlé kì í ta okùn púpọ̀. Ó lè ta ẹyọ kan, kó gbé ọwọ́ dúró títí ohùn rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kó tó ta òmíràn.

Nígbà tó yá, olórí ẹgbẹ́ mú onígìtá kejì wá, Ajíbádé, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ìka tirẹ̀ yá bí ìka onídìrí. Kí o tó mọ ibi tó wà nínú orin, ó ti kúrò níbẹ̀. Àwọn ènìyàn bi olórí ẹgbẹ́ pé kí ló fẹ́ fi àwọn méjì tí ọwọ́ wọn kò jọra ṣe. Ó ní òun fẹ́ràn àwọn méjèèjì ni.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ kò dára. Bí Fákúnlé bá ta okùn kan tó sì dúró, Ajíbádé a ti bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Fákúnlé bá ń ta tirẹ̀ kíkankíkan kí wọ́n lè gbọ́ ọ, Ajíbádé sì yí ohùn ẹ̀rọ gìtá rẹ̀ sókè. Kí orin tó parí, àwọn tó ń jẹun ti ń gbé àga wọn jìnnà.

Olórí ẹgbẹ́ bá àwọn méjèèjì wí, ojú sì tì wọ́n. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Ajíbádé ń fa ìka rẹ̀ sẹ́yìn, Fákúnlé sì ń fi tipátipá sáré. Orin náà kò ní adùn rárá. Obìnrin tó ń kọrin fún wọn sọ pé, “Ẹ ò bá ara yín jà lónìí, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ìkankan nínú yín.”

Ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì pe olórí ẹgbẹ́, ó ní bí nǹkan kò bá yí padà, òun yóò wá olórin mìíràn. Olórí ẹgbẹ́ wá sọ fún àwọn onígìtá náà pé òun yóò dá ẹnì kan nínú wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kò sọ ẹni tí yóò jẹ́. Lọ́kàn Ajíbádé, Fákúnlé ló yẹ kó lọ. Ó rò pé ibi tí àgbà náà ti ń dákẹ́, ibẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ parí sí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀bẹ gé Ajíbádé ní àtàǹpàkò níbi tó ti ń bẹ iṣu. Kò lè ta gìtá. Síbẹ̀ ó wá, ó jókòó láàárín àwọn oníbàárà, ó fẹ́ wo bí nǹkan yóò ṣe bàjẹ́ mọ́ Fákúnlé lọ́wọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò gbọ́ ọkùnrin náà láìsí gìtá lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Fákúnlé ta okùn, ó dúró. Ibẹ̀ ṣófo. Ajíbádé rí i pé ìka òun ń ta orin lórí orúnkún òun, àti pé gbogbo ibi tó ṣófo náà ló gba ohun tí òun ìbá ta síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Obìnrin kan ní tábìlì kejì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó dà bíi pé ẹnì kan kò wá lónìí.

Lẹ́yìn eré, Ajíbádé lọ bá Fákúnlé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò dí àwọn àlàfo yẹn?”

Fákúnlé ní, “Ìwọ ni mo fi wọ́n sílẹ̀ fún. Láti ọjọ́ tó o ti dé ni. Ṣùgbọ́n kí n tó ta tèmi tán lo ti máa ń wọlé.” Ó palẹ̀ wáyà rẹ̀ mọ́ tán, ó tún ní, “Èmi náà jẹ̀bi. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ.”



Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ jinná, wọn kò kọ́ orin tuntun kankan. Fákúnlé kò yára sí i, Ajíbádé kò sì rọra. Ó kàn ń dúró kí ẹnì kejì rẹ̀ ta tirẹ̀ tán ni. Lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń jẹun gbàgbé oúnjẹ wọn. Olórí ẹgbẹ́ kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Àwọn méjèèjì kò di ọ̀rẹ́ o. Mi ò gbọ́ pé wọ́n jọ jẹun rí. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jọ ṣeré.

Ìwọ olùkọ́ tó wá bá èmi ọ̀gá ilé-ìwé yín lánàá, tó o ní kí n gbé ọ kúrò ní kíláàsì tí ìwọ àti àgbà olùkọ́ obìnrin yẹn jọ ń kọ́, torí pé ó ń falẹ̀: ọdún kan lẹ ti jọ wà níbẹ̀, o kò sì jókòó gbọ́ ọ rí. Tó bá di ọjọ́ Ajé, má kọ́ àwọn ọmọ ní ohunkóhun. Lọ jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ọmọ, kó o gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó o bá gbọ́ ọ tán tó o ṣì fẹ́ lọ, mú ìwé tó o fi ń béèrè ìyípadà wá. Màá fọwọ́ sí i.