Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Tí Kò Kan Ilẹ̀kùn

Àwọn tó jókòó sí pálọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nìyí: Akọ̀wé tó ni ilé; ìyàwó rẹ̀; ìyá tó bí ìyàwó rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí a kò tíì sọ; ayálégbé wọn kan, fọkanáísà tó ń lẹ taya lẹ́bàá ọ̀nà; olùkọ́bìnrin kan láti ilé kejì; àti èmi. Mo ka gbogbo wọn fún ọ nítorí pé díẹ̀ nínú wọn ṣì wà láyé. Bí o bá rò pé mo fi iyọ̀ sí i, lọ bi wọ́n.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé láàrin àwọn tí mo kà yìí ni Akọ̀wé. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ni, mo bá a nílé, aya ilé kì í sì í dárúkọ ẹni tó bá nílé. Kóòtù ló ti ṣe akọ̀wé kí ó tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà orúkọ yẹn bá a mu. Bákan náà ni mo sọ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, àkọ́bí ìyá wọn, ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Ọkọ mi ló wà láàrin àwọn méjèèjì. Ó ti kú kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ká ní ó wà láyé ni, kì bá tí ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ tí a sin ìyá wọn ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀. O mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Bí àlùfáà bá ti gbàdúrà tán, àkọ́bí ni yóò kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí ibojì, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, kí àwọn tó kù tó tẹ̀ lé e. Ìdílẹ̀kẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ sọ́wọ́. Kí ó tó na ọwọ́, Akọ̀wé ti gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó ti da tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọkùnrin ni í ṣíwájú nídìí ibojì."

Gbogbo ẹbí gbọ́. Àwọn àna gbọ́. Ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà dúró síbẹ̀ tòun ti erùpẹ̀ lọ́wọ́. Kò dà á sílẹ̀. Ó di í mọ́ etí gèlè rẹ̀, ó sì gbé e lọ sílé.

Kò bú u. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló rán, èmi ló sì rán. Ó ní, "Sọ fún un pé mo wà nílé. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú kí ó tó wá kan ilẹ̀kùn mi, kí ó má bu erùpẹ̀ sí mi."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bí ó ṣe rán mi, n kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀. Ojú Akọ̀wé yí padà. Ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kí ènìyàn dúró lẹ́yìn níbi ìsìnkú ẹni tó pọ̀n ọ́n, kí gbogbo ọwọ́ máa bu erùpẹ̀, kí tirẹ̀ nìkan wà lófìfo, ìtìjú náà kò ní tán títí tí wọn yóò fi sin òun náà. Ó ní, "Màá lọ." Ó ní tí òjò bá dá. Òjò dá. Ó ní tí wọ́n bá kun ilé tán. Wọ́n kun ilé tán. Ìdílẹ̀kẹ̀ ń darúgbó lọ, ẹsẹ̀ ń dùn ún, a sì ń gbọ́ pé kì í jáde mọ́. Nígbà náà ni eré tuntun kan bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn, Akọ̀wé sì ní òun yóò lọ tí eré náà bá parí.

Eré náà dá lórí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí kì í kú. Wọ́n yìnbọn lù ú, ó dìde. Wọ́n tì í sínú ọ̀sà, ó wẹ̀ jáde. Ó ti tó igba ọdún tó ti ń wá àwọn apànìyàn kiri, irun rẹ̀ kò sì funfun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ṣe é. Fọkanáísà ní ó dá òun lójú pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ náà ni.

Akọ̀wé ló ṣe òfin pálọ̀. Kò sí ariwo, kò sí fóònù. Ẹni tó bá dìde kí eré tó parí, kí ó má padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ lọ wo ìkòkò lórí iná lọ́jọ́ kan, Akọ̀wé ní kí ó jẹ́ kó jóná. Ó jóná. Ẹ̀wà ni.

Ṣùgbọ́n òfin kò lè di ẹnu àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn.

"Bí èmi ni n kò lè kú," ni fọkanáísà máa ń wí, "taya tírélà nìkan ni màá máa gbà. Báyìí, kí n tó fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀kan, mo ti ké pe Jésù ná."

Olùkọ́bìnrin kò fẹ́ràn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà, kò sì pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ. "Igba ọdún láyé," ó ní, "kò mọ ìrẹsì sè. Ẹ wò ó, ó tún ra búrẹ́dì. Àwọn tó kọ eré yìí kò ronú."

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn," ni Akọ̀wé wí. "Ọkùnrin ni. Bí ó lo ẹgbẹ̀rún ọdún, kò ní mọ̀ ọ́n sè."

"Ẹ̀rí wà nílé yìí," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ìyá àgbà tí kò ríran ni yóò tẹ́tí sílẹ̀ nígbà tí gbogbo wọn bá ń rẹ́rìn-ín. Ó bi wá lọ́jọ́ kan pé, "Ta ní ń sunkún yẹn?"

"Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ni, Màmá. Ó lọ sí itẹ́ òkú."

"Ta ló kú fún un?"

"Àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Ó ti pẹ́."

"Òun ló sin wọ́n?"

"Òun ló sin gbogbo wọn."

Ìyá àgbà mi orí. "Ẹni ọmọ sin ló bímọ," ó ní. "Ẹ pa nǹkan yẹn, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sinmi."

Akọ̀wé kò pa á.

Ohun kan wà nínú eré náà tó ń ká gbogbo wa lára. Nígbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó fi ẹ̀sùn kan ọkùnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, wọ́n sì so ọkùnrin náà kọ́. Ó pẹ́ kí ó tó mọ òótọ́. Láti ìgbà náà ló ti fẹ́ lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Bí ó bá ti mú apànìyàn ọ̀sẹ̀ kan tán, yóò lọ sí ilé wọn, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn, yóò sì sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Yóò padà. Opó ọkùnrin náà kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ darúgbó, wọ́n kú. Ó ku àrọ́mọdọ́mọ wọn kan ṣoṣo, obìnrin, nínú ilé náà, òun náà ti di arúgbó, ó sì ti ń wúkọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí eré náà parí. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tún dé ẹnu ọ̀nà. À ń gbọ́ ikọ́ arúgbó náà láti inú ilé. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó dúró.

Akọ̀wé fi ọwọ́ lu apá àga rẹ̀. "Irú ọkùnrin wo nìyí? Obìnrin náà ń kú lọ nínú ilé. Kí ló ń dá a dúró?"

Fọkanáísà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Olùkọ́bìnrin, tó máa ń rí nǹkan sọ sí ohun gbogbo, ń ká etí aṣọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nípa erùpẹ̀ tó wà ní etí gèlè.

Ìyàwó rẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbé orí sókè. Ó ní, "Bóyá ó ní òun máa lọ tí eré bá parí."

Mo rò pé yóò bínú. Ọkùnrin tó lè ní kí odindi ìkòkò ẹ̀wà jóná lè bínú. Kò bínú. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo ọwọ́ tó wà lókè lórí tẹlifíṣàn. Ó dìde.

"Bàbá, eré kò tíì parí," ni fọkanáísà wí. "Ẹ jókòó, ká wò ó bóyá yóò kàn án."

"Ẹ bá mi wò ó," ni Akọ̀wé wí. Ó mú fìlà rẹ̀.

"Ta ló dìde yẹn?" ni ìyá àgbà bèèrè.

"Bàbá ni, Màmá."

"Kí ó má padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Òfin ni."

Akọ̀wé kọjú sí mi. Orúkọ bàbá rẹ ló fi máa ń pè mí. "Ìyá Ládélé," ó ní, "ẹlẹ́bẹ̀ kì í dá rìn. Sìn mí lọ."

Mo ti wọ bàtà mi.

Ilé Ìdílẹ̀kẹ̀ ní Ìsàlẹ̀-Odò kò jìnnà. Láti ojú fèrèsé kan dé òmíràn, ohùn eré kan náà là ń gbọ́ bí a ṣe ń lọ. Akọ̀wé kò yà, kò sì dúró gbọ́. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ sókè. N kò bá a kàn án. Ẹni bá bu erùpẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò kan ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

Ó kàn án.

"Ta nì yẹn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ ta?"

Ó sọ oríkì rẹ̀, èyí tí obìnrin náà fi ń pè é nígbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Wọlé."

Òun náà ń wo eré náà. Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì. Ìdílẹ̀kẹ̀ kò wò ó. "Ìyàwó, jókòó," ó wí fún mi, "o ń dí mi lójú." Ó jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ wà nílẹ̀ títí orin ìparí fi dún. Lójú tèmi, kò pọ̀ jù.

Lẹ́yìn náà ó pa tẹlifíṣàn. "Ibo ni wọ́n dé kí o tó kúrò nílé?"

"Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ sókè."

"O kò wò ó parí."

"N kò wò ó parí."

"Ìwọ."

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo gba iwájú yín lọ́jọ́ ìsìnkú. Kò yẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí."

"Kò yẹ lóòótọ́." Ó wo orí àbúrò rẹ̀ tó ti funfun nílẹ̀ níbẹ̀. "Ọkùnrin inú eré kò kàn án," ó ní. "Ó tún padà. Obìnrin náà sì kú." Ó na ọwọ́ sí i. "Ìwọ kàn án. Dìde, sìmẹ́ńtì tutù."

Èmi ni ó ní kí n lọ mú gèlè náà wá láti inú àpótí. Kókó náà ṣì wà níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rìn láàrin àwa méjèèjì dé ibojì ìyá wọn, ó tú u, ó sì da erùpẹ̀ náà síbi tó yẹ kí ó ti wà tipẹ́. Ó yí padà sí àbúrò rẹ̀, ó ní, "Ó kàn ọ́."

Ìyá àgbà di òfin mú ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ilé Ìdílẹ̀kẹ̀ ni Akọ̀wé ti wo ìparí eré náà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò sì fi iyàn jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí Ìdílẹ̀kẹ̀ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ bu erùpẹ̀, Akọ̀wé sì bu tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́. Mo wà níbẹ̀.

Abídèmí, ọmọ Ládélé, ìwọ ni mò ń bá wí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ó ní kí wọ́n dúró dè ọ́ kí wọ́n tó fi oyin kan ọmọ náà lẹ́nu. Wọ́n dúró títí oòrùn fi ga. O kò wá. Lórí fóònù ni o ti sọ fún un pé orúkọ ọmọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà láàrin yín títí di òní. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Ó mọ ajá ilé mi, kò mọ ìwọ.

O ti wà nílùú láti àná. Orí àga mi lo jókòó sí, ò ń wo eré lórí fóònù, o sì sọ fún mi ní àárọ̀ yìí pé wàá yọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, tí o bá ráyè. Ta ló ṣèlérí ìsinmi tó ń bọ̀ fún ọ? Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yẹn ní gbogbo àyè tó wà láyé, àyè tó ní náà ni kò jẹ́ kí ó kan ilẹ̀kùn. Èmi ni mo mọ ibojì gbogbo ènìyàn wa, láti orí ẹni tó tẹ ilé yìí dó títí dé orí ọkọ mi. Mo mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní òun yóò ṣe tí òun bá ráyè. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó padà wá ṣe é.

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ kò ju Òkè-Àgbède lọ. Má pè é lórí fóònù, fóònù kì í dọ̀bálẹ̀. Mo ti mú ọ̀pá mi, màá sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò ní bá ọ kàn án. Fi eré yẹn sílẹ̀ níbi tó dé. Abídèmí, wọ bàtà rẹ, ká lọ.