Ọlátóún àti Agbégilódò Ọkọ Rẹ̀

Ọlátóún kò ní sùúrù. Gbogbo Ìdó-Gẹdú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà kò sì sẹ́ rí. Nígbà tí Àkànmú ọkọ rẹ̀ wà láyé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń jókòó sí nínú agbégilódò, ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi ń kó gẹdú. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Àmọ́ bí Àkànmú ṣe kú, Adékàńmbí ẹ̀gbọ́n olóògbé ní kí wọ́n ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó ní ọkọ̀ tó ń kú lójú òkè kò yàtọ̀ sí òkú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò ní tà á," ni Ọlátóún wí. "Òun ni mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ àbúrò yín. Ẹ jẹ́ kó ru gẹdú gun Òkè Àbámọ̀. Bó bá kú lọ́nà, ẹ máa gbé e lọ. Bó bá gùn ún, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ irin àlòkù létí mi mọ́!"

Ẹbí gbà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Adékàńmbí mú mẹkáníìkì tirẹ̀ wá, Sálámì, géńdé tí apá rẹ̀ tó itan ẹlòmíràn. Sálámì ti irin bọ kabúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé kí wọ́n tó wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún sikúrù kékeré tó ń ṣọ́ epo tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú nígbà tí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀. Ó fún un títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó dákẹ́.

"Kò tíì le tó," ni Sálámì wí, ó ń wá irin tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọlátóún bọ́ sáàárín Sálámì àti ọkọ̀. "Tún fọwọ́ kàn án kó o wò ó! Ṣé ọrùn adìẹ lò ń lọ́ ni?"

"Ìyàwó, kúrò níbẹ̀," ni Adékàńmbí jágbe. "Iṣẹ́ alágbára nìyí."

"N ò kúrò, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ wá gbé mi kúrò, bẹ́ ẹ bá tó bẹ́ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó gbé e. Inú ń bí i gidigidi, síbẹ̀ nígbà tó kọjú sí kabúrétọ̀, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ọwọ́ abiyamọ tó ń wẹ ọmọ tuntun. Ó tú sikúrù náà díẹ̀, ó ní kí wọ́n ta ẹ́ńjìnnì jí. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n. Ó tún tú u díẹ̀, ó tẹ́tí sí i, ó rọra dá a padà bíńtín. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì náà jókòó sójú kan, ó ń kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Wọ́n di gẹdú lé e, Ọlátóún fúnra rẹ̀ ló wà á. Kọ́nà tó ga jù lójú òkè ni ọkọ̀ náà ti máa ń kú, bí awakọ̀ bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, irin tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, láti pààrọ̀ jíà. Ó débẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e tú ká, kí gẹdú má baà yí lù wọ́n. Ẹ́ńjìnnì kò kú. Jíà wọlé, ọkọ̀ gun òkè dé orí.

Ọlátóún sọ̀kalẹ̀, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀ lójú gbogbo wọn.

"Ìyá, kí lẹ ṣe sí i?" ni Sálámì bi í.

"Èmi tí n kì í bẹ ẹnikẹ́ni, mo bẹ ẹ́ńjìnnì náà. Ìwọ ń bá a jà."

Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè lọ́jọ́ náà, tí àwọn àgbà gbọ́, tí wọ́n sì sọ ọ́ di òwe pé: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.